ÌKÉLÉ ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ NÍNÚ ILÉ IṢẸ́ ÀTI ILÉ ÌTAJÀ: YÍYAN OHUN ÈLÒ ÀTI YÍYAN Ọ̀RỌ̀

1.0 Ìfáàrà

Ní Amẹ́ríkà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà fún gbogbo ènìyàn nínú ọ́fíìsì, ilé ìtajà àti pápá ọkọ̀ òfurufú kì í sábà ní ògiri láàárín ìjókòó kan àti èkejì. Pátákó ni wọ́n fi ń pín in sí yàrá kéékèèké. Pátákó náà kì í kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kan àjà. Nǹkan bí íńṣì 12 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí ń jẹ́ kí wọ́n lè fọ ilẹ̀ láìsí ìdíwọ́, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí wọ́n sì tètè rí ẹni tí ó bá dákú sínú ibẹ̀.

Oríṣi márùn-ún ni irú pátákó yìí pín sí lọ́jà. Bí ìwé tí ó ṣàlàyé wọn bá bọ́ sí ọwọ́ atúmọ̀-èdè Yorùbá, ìbéèrè méjì ni yóò dìde. Èkíní, kí ni orúkọ pátákó náà? Èkejì, báwo ni yóò ṣe ya ohun èlò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nígbà tí ó jẹ́ pé ‘ike’ ni gbogbo ènìyàn ń pe mẹ́ta nínú wọn? Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ ohun èlò gbọ́dọ̀ fi bí ó ti ń ṣe sí omi, iná àti ọ̀bẹ hàn. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí kò sọ èyí lè fi owó ra ohun tí kò ní pẹ́ bàjẹ́.

2.0 Ìkélé, kì í ṣe ògiri

‘Ògiri’ ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Ṣùgbọ́n ògiri a máa fìdí múlẹ̀, a sì máa gbé òrùlé dúró. Pátákó yìí kò gbé nǹkan kan dúró ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ènìyàn mọ́ kúrò lójú ẹlòmíràn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: aṣọ tí wọ́n ta láti pín yàrá sí méjì ni wọ́n ń pè ní aṣọ ìkélé. Bí wọ́n bá yọ ‘aṣọ’ kúrò, ‘ìkélé’ lè di orúkọ ohunkóhun tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ náà. Fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àbínibí lójú báyìí kì í ṣe àṣà tuntun; ó wà lára ọgbọ́n tí wọ́n lò fún èdè-ìperí nínú ìwé Yorùbá Metalanguage, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984.

3.0 Ohun èlò márùn-ún

3.1 Irin ọlọ́dà yíyan. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n fi há páálí tí ó rí bí afárá oyin láàárín. Wọn a wá fọ́n ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú sí i lára, wọn a sì fi iná yan án kí ó lè mú. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀bẹ bá ha ọ̀dà náà kúrò, omi yóò dé ara irin, yóò sì dípẹtà.

3.2 Irin aṣòrodípẹtà. Ní 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ṣe irin tí ó ní kíròmíọ̀mù nínú. Kíròmíọ̀mù yìí ń mú kí awọ tín-ín-rín kan bo irin náà; bí nǹkan bá ha á, awọ náà yóò tún hù padà. Àwọn kan ti ń pè é ní ‘irin aláìdípẹtà’. Ìlérí orúkọ náà pọ̀ jù, nítorí iyọ̀ àti ohun ìfọlẹ̀ tí ó ní kòlóríìnì lè dá ihò sí i lára. ‘Aṣòrodípẹtà’ sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ.

3.3 Pákó aláwọ-ike. Èérún igi tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ ni inú rẹ̀. Ike fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. (Awọ ni, kì í ṣe àwọ̀, kí olùkọ́ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀.) Bí omi bá gba etí rẹ̀ wọlé, a máa wú bí gààrí inú omi. Ọ́fíìsì tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ ni ó yẹ.

3.4 Ike aláìyọ́. Bébà tí wọ́n rẹ sínú oje fẹnọ́líìkì ni wọ́n tò léra, tí wọ́n sì fi ooru àti agbára tẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀kan. Leo Baekeland ni ó ṣe ike irú oje yìí ní 1907; òun náà ni ike dúdú tí ó máa ń wà ní ọwọ́ ìkòkò. Omi kì í tètè rí ọ̀nà wọ inú ìkélé yìí. Etí rẹ̀ a máa dúdú, àwọ̀ tí ènìyàn bá yàn kì í sì kọjá ojú rẹ̀.

3.5 Ike ayọ́. Pọlíẹtilíìnì àkìpọ̀ ni, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì. Karl Ziegler ni ó rí ọ̀nà àtiṣe é ní Jámánì ní 1953. Ìkélé rẹ̀ sábà máa ń nípọn tó íńṣì kan. Kì í dípẹtà, kì í sì í jẹrà. Nítorí pé àwọ̀ kan náà ni ó wà ní òde àti ní inú rẹ̀, wọ́n lè fi bébà oníyanrìn ha ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dànù. Àléébù rẹ̀ ni iná: ní nǹkan bí ìwọ̀n 130 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìdí nìyí tí òfin ilé kíkọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà fi ń béèrè pé kí ó yege nínú ìdánwò iná tí wọ́n ń pè ní NFPA 286.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ ike méjèèjì lè fi òrí àti ẹyin ṣe àpẹẹrẹ. Òrí a máa yọ́ nínú oòrùn, a sì tún dì nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹyin tí wọ́n ti sè kò lè padà di olómi mọ́. Ike ayọ́ dà bí òrí. Ike aláìyọ́ dà bí ẹyin sísè.

4.0 Ẹwà àti àyè

Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ni wọ́n wí i. Irin ọlọ́dà lè ní àwọ̀ tí ó wu ojú jù lọ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹtà ni yóò sọ bí ẹwà náà yóò ti pẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìkélé tí ó dára yóò tètè wó bí ìṣó àti irin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi ń yí kò bá lè farada omi.

Àyè náà ṣe pàtàkì. Lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe fún ẹ̀tọ́ àwọn akánda ẹ̀dá ní 1990, ìlànà tí ó jáde ní 2010 sọ pé yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà fún ẹni tí ń lo àga onítáyà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íńṣì 60, ó kéré tán. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní íńṣì 32. Ìkélé tí kò bá jẹ́ kí ẹni tí ó nílò rẹ̀ wọlé kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ibi tí omi ti ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ ń béèrè ike ayọ́, ike aláìyọ́ tàbí irin aṣòrodípẹtà. Ibi gbígbẹ tí èrò kò pọ̀ sí lè lo irin ọlọ́dà yíyan tàbí pákó aláwọ-ike. Ẹni tí ó bá ka orúkọ márààrún yìí ti mọ ìdajì ìdí tí ó fi yẹ kí ó yan ọ̀kan, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀. Bí atúmọ̀-èdè bá pe mẹ́ta nínú wọn ní ‘ike’ lásán, ó ti fi ìmọ̀ náà pa mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ náwó.