Pátákó Ìdí Ọkọ̀ ní Etíkun Ìlàjẹ

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibi wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ pátákó ìdí ọkọ̀ rí, ìyẹn pákó nínípọn tí ó dí ẹ̀yìn ọkọ̀ pa, tí a sì ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, nítorí pé ihò nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí a kò dí dáadáa ti tó fún omi láti wọ inú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onífáíbà tí ń kó èrò láti Ìgbòkòdá lọ sí àwọn ìlú etí òkun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí pé fáíbà ni ojú ń rí níta, púláíwúùdù ni ó wà láàárín. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Nígbà tí awakọ̀ bá fún ẹ́ńjìnnì níná, abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú omi a máa ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì síwájú, ìsàlẹ̀ pátákó ni yóò sì gba agbára náà, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn. Pákó tí ó gbẹ lè fara dà á fún ọdún púpọ̀. Èyí tí ó ti rà kò lè fara dà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé omi òkun ni ó ń ba pákó yìí jẹ́. Òjò gan-an ni kí wọ́n máa ṣọ́, nítorí pé iyọ̀ a máa dá olu tín-ín-tín tí ń mú pákó rà dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n omi òjò tí ó bá dá rogún sí ìdí ọkọ̀ tí a kò bò ni olu náà fẹ́ràn. Ti ọkọ̀ onípákó yàtọ̀. Ní Ayétòrò, tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí ọkọ̀ kíkàn sì wà lára iṣẹ́ ìlú náà, àwọn tí ń kan ọkọ̀ lè rí i bí ìṣó bá ti ń dógùn-ún, tí ìpẹtà sì ń jẹ pákó tí ó yí i ká. Fáíbà kì í fi tirẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gba sùúrù. Kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, kí ó máa gbé e sókè sódò, kí ẹlòmíràn sì tẹjú mọ́ etí òkè pátákó; bí ó bá ń mì, tàbí tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti là sí igun tí ó ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ewu ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi èèkù òòlù máa kan án díẹ̀díẹ̀: ibi tí ó le yóò dún ketekete, ibi tí ó ti rà yóò dún bọ̀lọ̀. Èyí tí kì í purọ́ ni kí a lu ihò kékeré láti inú ọkọ̀, kí a sì wo ìfọ́ pákó tí ó bá jáde. Èyí tí ó funfun tí ó sì gbẹ dára. Èyí tí ó dúdú, tí ó tutù bí ewé tíì tí a ti sè, ti bàjẹ́.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Fífi fáíbà tuntun lé pákó tútù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nítorí owó, kò ju pé kí a há omi mọ́ inú rẹ̀ lọ, nítorí résìn kì í di pákó tútù mú. A ó gé awọ fáíbà ti inú kúrò, a ó dá ti ìta sí, a ó yọ pákó tí ó rà títí a ó fi kan èyí tí ó le, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó rọrùn jù fún èyí. Púláíwúùdù tí a fi gílù tí kò bẹ̀rù omi ṣe ni kí a fi rọ́pò rẹ̀, ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀. Ihò nọ́ọ̀tì ni kí a lù tóbi, kí a fi epoxy dí i, kí a tó tún ihò tí ó bá nọ́ọ̀tì mu lù sáàárín rẹ̀, kí irin má baà kan pákó rárá. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, kí a tún nọ́ọ̀tì wọ̀nyí dì, kí a sì fi ọwọ́ pa abẹ́ wọn nínú ọkọ̀ wò bóyá omi ń sun.