Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Yín Wọnú Ara Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ̀wé ní Lagbé, mo ti ka àwọn àròkọ tí ẹ kó wá fún mi. Ìmọ̀ wà nínú wọn, ìfẹ́ ìlú sì hàn níbẹ̀ kedere. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ra: kí ọ̀rọ̀ yín wọnú ara wọn, kí òǹkàwé má baà dé ìdajì ìwé kó máa béèrè pé, "Kí leléyìí tiẹ̀ ń sọ?"

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo wí ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí kò bá tíì ṣeé wí ní gbólóhùn kan, kò tíì tó kọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ààlà tí ẹ fẹ́ràn láti máa kọ nípa rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti àwọn ààlà orí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní nítorí fàyàwọ́, pàápàá fàyàwọ́ ìrẹsì. Ti Ìdí-Ìrókò, tó kọjú sí Ìgólò tiwa níhìn-ín ní Benin, wọn kò kéde pé wọ́n ṣí i padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Nígbà tí ẹ kọ ọ́, ẹ da owó ìrẹsì, owó epo, ìgbéyàwó, òkú sísin àti ìwà àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ sójú kan. Mo gbà pé gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, àmọ́ àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ kò tíì di àròkọ.

Ẹ yan ọ̀kan kó ṣe olórí. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹbí tí kò lè rí ara wọn mọ́ lẹ fẹ́ sọ, ìrẹsì yóò wọlé nítorí pé òun ni wọ́n torí ẹ̀ ti ààlà. Owó epo yóò wọlé bó bá jẹ́ pé òun ló mú kí owó ọkọ̀ wọ́n fún ẹni tó ń lọ síbi òkú ní Ìpókíá, lódìkejì ààlà. Ohun tí kò bá ní iṣẹ́ tó ń bá olórí ṣe, bó ti wù kó dùn tó, ẹ fi í pamọ́ fún àròkọ mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bí gbólóhùn ṣe ń so mọ́ gbólóhùn. Èdè wa ti fún wa ní irinṣẹ́ tó pọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láìlò. Ẹ wo èyí: "Wọ́n ti ààlà. Títì tí wọ́n tì í ló sọ àwa àti Ìpókíá di àjèjì síra wa." Ohun tí òǹkàwé ti gbọ́ ni "títì" gbé padà wá, orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun sì gùn. Bákan náà ni "yìí," "náà" àti "ọ̀hún" ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yóò dá dúró bí ẹni tí kò mọ ará ilé rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ "ni" gidigidi. Bí mo bá kọ pé, "Ìyàwó ọmọ mi ni wọ́n dá padà ní Ìgólò," ìtàn ìyàwó náà ni òǹkàwé ń retí. Bí mo bá kọ pé, "Ìgólò ni wọ́n ti dá ìyàwó ọmọ mi padà," ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgólò ló ń retí. Ìlérí ni "ni" jẹ́, ẹni tó bá sì ṣèlérí gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ẹ ṣọ́ "òun" pẹ̀lú. "Bádé sọ fún Àkànní pé òun ti sanwó" túmọ̀ sí pé Bádé ló sanwó. Bí ẹ bá kọ "pé ó ti sanwó," ó lè jẹ́ Àkànní, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Àṣìlò kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ gbogbo ìtàn nù. Bí ẹ bá sì ti fi "ẹ" kí òǹkàwé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má pè é ní "ìwọ" ní ìpínrọ̀ kẹrin. Àwọn àgbà wa yóò kà á sí àrífín.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kan àwa tí à ń gbé létí ààlà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní Benin, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ní ti àwọn ará Nàìjíríà, ìlànà tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ní 1974 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Níbi tí tọ̀hún bá ti kọ "ọ̀pẹ," tiwa a kọ "ɔ̀kpɛ", níbi tí wọ́n bá ti kọ "ẹ̀ṣọ́," tiwa a kọ "ɛ̀shɔ́." N kò ní sọ fún yín pé ọ̀kan ló tọ̀nà. Ẹ wo ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún, ẹ mú ọ̀kan, ẹ má sì yẹsẹ̀ títí ìwé yóò fi parí. Bí zemidjan lẹ pe alùpùpù akérò ní ojú ìwé kìíní, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀kadà ní ojú ìwé kejì.

Báyìí náà ni ti ẹ̀ka-èdè. Ọdún 1843 ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther jáde. Òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e ló fi ìdí èdè ìwé yìí kalẹ̀, Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìfọ̀nyìn tiwa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lè mú un wọlé. Ẹ fi èdè ìwé sọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà inú ìtàn fi ẹnu ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti pín in bẹ́ẹ̀, ẹ má dà á rú.

Ẹ̀kọ́ ìwé yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ ara yín. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Ìfọ̀nyìn bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Látìgbà náà ni ẹbí kan náà ti wà lábẹ́ ìjọba méjì. Ọmọ Benin ni yín, Faransé lẹ fi kàwé, Yorùbá lẹ sì ń sọ nílé. Àwọn kan yóò ní kí ẹ mú ọ̀kan kí ẹ ju ìyókù nù. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Bí a ṣe ń tún àròkọ ṣe náà ni kí ẹ ṣe é: nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, èwo ló yẹ kó ṣe olórí, kí sì ni iṣẹ́ àwọn ìyókù? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, ọkàn rẹ̀ kò ní pín sí méjì.

Ti ìlú náà kò yàtọ̀. Ègùn àti Tori ń bá wa gbé ní Ìfọ̀nyìn yìí. Àròkọ tó bá sọ̀tàn ọjà tàbí oko wa bí ẹni pé àwa Nàgó, ìyẹn Yorùbá, nìkan ló wà níbẹ̀ ti fi apá kan ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò sì lè dúró, bí èdè rẹ̀ ti wù kó dùn tó. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá èèyàn méjì: ará Ìfọ̀nyìntẹ̀dó kan, àti Ègùn kan ládùúgbò yín tó gbọ́ Yorùbá. Ẹ kà á sókè fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ní kí kálukú sọ ohun tó gbọ́ ní gbólóhùn kan. Bí èsì wọn bá yàtọ̀ síra, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Bó bá jọra, tó sì bá gbólóhùn tí ẹ wí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mu, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.