Àjọkẹ́, Ta Ló Ní Kí O Dá Oògùn Ọkàn Dúró?

Àjọkẹ́, jókòó. Má wulẹ̀ wá oúnjẹ fún mi, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé. Jókòó síbí kí n rí ojú ẹ dáadáa. Ìyá ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní lóru, wàá kàn ta jí lójijì, àyà ẹ á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọmọ ìka á kú, wàá ní o ti ń kú lọ. Ó ní ẹ ti pe pásítọ̀, ẹ sì ti ta òróró sí gbogbo igun ilé. Mi ò bá yín jà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èèyàn tó wọlé tó jáde, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi ọ́ pé, "Àjọkẹ́, oògùn wo lò ń lò?" Èyí ló mú mi wọkọ̀ láti Ìbàdàn láàárọ̀ yìí.

Kó oògùn ẹ wá. Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Propranolol nìyí, 40 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, torí pé ọkàn ẹ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yẹ kí káàdì yìí ti tán, àbí? Kí ló dé tí odindi ìlà kan ṣì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ò kàn? O dá a dúró. Má wo ilẹ̀, èmi ni kí o wò. O dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ọmọ tí mo fẹnu ara mi kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ka ìwé oògùn!

O ní àlá burúkú ló ń dà ọ́ láàmú. Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi, tọkàntọkàn ni. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń lo oògùn yìí. Propranolol máa ń yòrò nínú ọ̀rá, kì í ṣòro fún un láti wọ inú ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń da oorun rú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí ẹ̀. Ẹni tí irú àlá bẹ́ẹ̀ bá wá jí lójijì nínú òkùnkùn, tó sì ti mọ̀ pé àìsàn ọkàn ni wọ́n ń tọ́jú fún òun, ẹ̀rù á gun orí ẹ̀rù. Bí ìjáyà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí ẹ ò dàrú, ẹnikẹ́ni ò sì sà sí ọ.

Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì, torí oògùn yìí kan náà ni dókítà máa ń kọ fún àwọn olórin kí ọwọ́ wọn má baà gbọ̀n lórí ìtàgé. James Black, ọmọ Scotland, ló ṣe iṣẹ́ tó mú un jáde láàárín ọdún 1960 sí 1965. Ó fẹ́ kí ọkàn àwọn tí àyà ń dùn rí ìsinmi díẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Oògùn ńlá ni, mi ò ní jẹ́ kí o bú u níwájú mi. Ara èèyàn ni kò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ìjáyà alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, èyí tó le ju gbogbo ìyókù lọ, tí ìyá ẹ fi ń ké sí aládùúgbò, gbọ́ mi dáadáa: dídá tí o dá oògùn dúró ni mo fura sí. Èròjà kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní adirẹ́nálínì, òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó sáré. Ó ní àwọn ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé, iṣẹ́ propranolol sì ni láti tì wọ́n. Bí wọ́n bá wà ní títì pẹ́, ara á lọ ṣí òmíràn kún un. Ọjọ́ tí o wá yọ oògùn kúrò lójijì, ti àtijọ́ ṣí, ti tuntun ṣí, adirẹ́nálínì wọlé wìtìwìtì. Ọkàn á sáré, ìfúnpá á lọ sókè, ẹ̀rù á dé. Ẹni tí iṣan ọkàn ẹ̀ bá ti há tẹ́lẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sínú ìwé ẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àjọkẹ́, ṣé o fẹ́ pa mí ni?

"Àǹtí, ṣé kí n wá máa lo ohun tó ń dẹ́rù bà mí lọ bẹ́ẹ̀?" Rárá o. Ẹnu lo máa fi sọ. Oògùn míì wà nínú ẹbí yìí kan náà, bí atenolol, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀, ó lè dín ìwọ̀n ẹ̀ kù, ó lè yí aago tí o ń lò ó padà. Bí o bá dákẹ́, kí ni kó ṣe? O ò sì gbọ́dọ̀ gbé méjì mì lálẹ́ òní pé o fẹ́ fi dí èyí tí o fò.

Kì í ṣe propranolol nìkan ni oògùn ọkàn tó lè fa irú ìdààmú yìí. Nifedipine tó máa ń tètè ṣiṣẹ́ lè ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ lójijì, kí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Áyódìn pọ̀ nínú amiodarone, bíi 75 mg nínú hóró 200 mg kan, ó sì lè da ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ lọ́rùn láàmú, kí onítọ̀hún máa gbọ̀n, kí àyà ẹ̀ máa já.

Kí sì lèyí? Obì! Obì gbànja lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ọkàn! Kaféènì wà nínú ẹ̀, ọmọ yìí, ó ń lé ọkàn eré. Gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìjáyà sábà máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Bó bá dé, jókòó, mí sínú jẹ́ẹ́, kí o rọra tú èémí náà jáde. Àmọ́ bí àyà bá ń fún ọ mọ́, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí o bá dákú, bí o ò bá lè mí dáadáa, má jókòó sílé kí o máa sọ pé ìjáyà ni. Ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ òru.

Fún mi ní bírò. Mo ti fa ìlà sínú ìwé yìí: ọjọ́, aago tí o lo oògùn, aago tí ìjáyà dé, bó ṣe pẹ́ tó. Na ọwọ́ ẹ. Fi ìka méjì síbí, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí o bá mi ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. 104. Ó yá jù. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá dé ilé ìwòsàn, a ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí NAFDAC, wọ́n ń gba ìròyìn oògùn tó bá ń yọ èèyàn lẹ́nu.

Ó yá, pe ilé ìwòsàn ẹ lójú mi. Ó ń dún? Sọ fún wọn pé propranolol lo dá dúró, sọ ọjọ́ tí o dá a dúró, sọ ti àlá, sọ ti obì pẹ̀lú, má fi nǹkan kan pa mọ́. Bí ohùn ẹ bá ń gbọ̀n, gbé fóònù fún mi.