Ìwọ̀n Ẹ̀jẹ̀ ní Ọrùn-Ẹsẹ̀

Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ rí: ojú lásán kò lè mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé apẹja kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn bí ó bá ń rìn lọ sí etí ọ̀sà, tí ìrora náà sì ń rọlẹ̀ bí ó bá dúró. Dókítà yóò ní kí ó dùbúlẹ̀ sinmi, yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn-ẹsẹ̀, yóò sì fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí ti apá bá jẹ́ 120, tí ti ẹsẹ̀ sì jẹ́ 72, èsì rẹ̀ ni 0.6. Èsì tí kò bá tó 0.9 fi hàn pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há.

Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n yìí ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé nígbà gbogbo bí? Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni ti oníṣòwò kan ní Ìkòròdú tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra tipẹ́, tí egbò sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ a máa mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ le, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀já tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kò fi ní lè fún un pa. Èsì rẹ̀ lè ga ju 1.4 lọ, ó sì lè dà bí ẹni pé ó dára, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò tó èyí tí egbò fi lè jinná. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kì í sábà le bẹ́ẹ̀.

Èsì kékeré ń kìlọ̀. Èsì ńlá kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ìtùnú. Kí alátọ̀gbẹ tí egbò rẹ̀ kò jinná má ṣe tìtorí nọ́ńbà dáradára jókòó sílé, kí a má baà gé ẹsẹ̀ tí à bá gbà là.