Òkè Longonot: Ó Sùn Ni, Kò Kú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, òkè ayọnáyèéfín ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀: òkè tó ń yọ iná, tó sì ń yọ èéfín. Èyí tí kò yọ iná mọ́ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ó ti kú. Ẹ fara balẹ̀ ná! Ẹni tó sùn yàtọ̀ sí ẹni tó kú, bẹ́ẹ̀ náà ni òkè rí. Arthur's Seat ní Edinburgh, ní Scotland, ti kú pátápátá. Ó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún tó ti yọ iná. Ṣùgbọ́n Longonot ní Kenya, oorun ló ń sùn. Wọ́n gbà pé ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870 ló yọ iná kẹ́yìn.

Nígbà tí mo ń gbé ní Nairobi, òkè yìí ni àwa àlejò máa ń kóra jọ lọ gùn. Nǹkan bíi kìlómítà 90 ni sí ìlú: a ó jáde ní ìdájí, a ó sì padà sílé lálẹ́. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,776 láti ojú òkun. Láti ẹnubodè dé etí kòtò tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà bíi mẹ́ta, àmọ́ yíyí etí kòtò náà po lé ní kìlómítà méje. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá dé etí kòtò á rò pé òun ti parí iṣẹ́, iṣẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: gòkè, sọ̀kalẹ̀, tún gòkè, nínú oòrùn, kò sí ibòji. Eérú àtijọ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó kúnná bí èlùbọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń jẹ eruku ẹni iwájú.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá la máa ń fi síwájú. Àwọn géńdé ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá! Ṣùgbọ́n bí alágbára bá ṣíwájú, á jókòó sinmi de àwọn tó kù. Bí wọ́n bá ṣe ń dé báyìí, á tún mú ọ̀nà pọ̀n. Ẹni tó rẹ̀ jù lọ ni kò wá ní sinmi rárá. Ní etí kòtò, a ó ka orí, a ó wo omi tó kù nínú ìgò. Ẹni tí omi rẹ̀ bá ti lọ sí ìdajì yóò padà, ẹnìkan tó mọ̀nà yóò sì bá a lọ. A kì í jiyàn lórí ìyẹn.

Bí ẹ bá bojú wo inú kòtò náà, igbó tútù ló kún ibẹ̀. Ẹ ó ní ó ti kú, àbí? Síbẹ̀, èéfín omi gbígbóná ṣì ń yọ lára ògiri rẹ̀. Ní Olkaria tó wà nítòsí, lẹ́bàá adágún Naivasha, láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń fi irú ooru abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iná mànàmáná.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Orúkọ wo la lè fún òkè tó sùn, èwo la ó sì fún èyí tó kú? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí i ti ayọnáyèéfín. Ẹ̀yin ará Plateau, ẹ bá wa wádìí àwọn òkè Kerang náà, wọ́n ti yọ iná rí. Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé.