Ojúlé, àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀: ká pe ilé ní orúkọ rẹ̀

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, ilé lèèyàn ń rí lọ́tùn-ún lósì láti Ìbàfò dé Mowe: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, èyí tó ti dé lẹ́ńtù, èyí tí wọ́n ti kan páànù lé tí wọn ò tíì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń kọ́ ọ, àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń háyà rẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ sí i: míní fáàtì, rúùmù àti pálọ̀, sẹ́ẹ̀fù kọ̀ntéènì, dúpílẹ́ẹ̀sì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Pálọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu wa, kò sì ní lọ mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni mo ń bá lọ: àwọn kan là ń gbàgbé, àwọn kan là ń lò níbi tí kò yẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi fáàtì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Yorùbá ò lè lórúkọ fún un, torí pé a ò gbénú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Kí wá ni agbo ilé? Ìdílé púpọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n jọ ní àgbàlá, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu-ọ̀nà àti yàrá tirẹ̀. Ibùgbé ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹn là ń pè ní ojúlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé olùkànìyàn ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí a sì ń kọ "Ojúlé kẹrin" sí àdírẹ́sì. Bí ilé kan ní Mowe bá ní fáàtì mẹ́fà, ilé olójúlé mẹ́fà ni. Bí fáàtì kọ̀ọ̀kan bá ní yàrá ìbùsùn mẹ́ta, ojúlé oníyàrá mẹ́ta ni. Kódà ilé féèsì-mi-àì-féèsì-yú bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: ojúlé ibẹ̀ kì í sábà ju yàrá kan tàbí méjì lọ, wọ́n sì jọ ń lo balùwẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àjà. Àjà ni ohun tí àwọn baba wa fi igi àti amọ̀ tẹ́ sókè yàrá, tí wọ́n ń kó ẹrù pa mọ́ sí lórí. Nígbà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí àjà, òun náà la fi ń ka gíga ilé. Ilé àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n kọ́ sí Àgbádárìgì ní 1845, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ilé alájà kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè gbé ìsàlẹ̀, kó sì gbé òkè. A kì í ka ilẹ̀ mọ́ àjà. Nítorí náà, bí ájẹ́ǹtì bá ní ilé alájà méjì lòun ní ní Ìbàfò, ìsàlẹ̀ wà, òkè kìíní wà, òkè kejì wà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó yáa béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ fún òun. Nígbà tí ilé wá ga kọjá ohun tí à ń fi ojú kà, Yorùbá ò fi èdè ṣahun: Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965 di àwòṣífìlà, ilé téèyàn ń wò títí fìlà fi ṣí lórí.

Àjà yìí náà ni àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé ń ṣì pè. Wọ́n á ní, "A ti ṣe pí-ó-pí sí òrùlé." Rárá o. Òrùlé ni ibi tí páànù wà, tí òjò ń rọ̀ sí. Inú ilé lẹni tó bá dùbúlẹ̀ ti ń wo àjà, ibẹ̀ ni pí-ó-pí àti iná aláràbarà ń gbé. Bí òrùlé bá jò, àjà ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà lè sanwó iṣẹ́ káfíńtà fún ẹni tó ń ṣe pí-ó-pí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń fi pe kọ́rídọ̀, àwọn kan ń fi pe pálọ̀. Nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi gbọọrọ tí òrùlé bò, tó kọjú sí àgbàlá. Ibẹ̀ ni baálé ti ń gbàlejò, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọ ibẹ̀, ojú ọ̀run sì hàn. Kọ́rídọ̀ tó ṣókùnkùn láàárín yàrá méjì kò jọ ọ́. Fàráńdà ló jọ ọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń ṣe sí òkè báyìí tí wọ́n ń to òdòdó sí. Ẹ pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ẹ ò ṣìnà. Ibi téèyàn kọ́kọ́ ń bọ́ sí kó tó dénú ilé gan-an, tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ìloro nìyẹn. Àwọn àgbà kúkú ti ní ìloro là á wọ̀ ká tó wọlé.

Ibi ìdáná ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, èéfín kì í bá ẹni tó ń sùn jà. Ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ fún un, òun la ṣe ń pè é ní ilé ìdáná. Nínú ojúlé òde òní, tí gáàsì wà, tí síńkì wà, tí pálọ̀ sì kàn án gbọ̀ngbọ̀n, yàrá ìdáná ló yẹ ẹ́. Bí a bá tún wá dá ilé kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé fún igi ìdáná àti ìkòkò àríyá, ilé ìdáná nìyẹn. Méjèèjì lè wà nínú ọgbà kan náà láìṣe pé ọ̀rọ̀ rú wa lójú.

Ẹ tún ṣọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu-ọ̀nà. Ilẹ̀kùn là ń ṣí, òun là ń tì, òun ni káfíńtà ń kàn. Ẹnu-ọ̀nà là ń gbà wọlé. "Àlejò dúró sí ẹnu-ọ̀nà" ló dáa, kì í ṣe "àlejò dúró sí ilẹ̀kùn." Bákan náà, ògiri ló gbé ilé dúró, ìgànná ló yí ọgbà ká, èyí tí a ń pè ní fẹ́ǹsì, odi sì jẹ́ ti ìlú. Ẹni tó bá ní òun mọ odi yí ojúlé oníyàrá méjì ká ń fi ara rẹ̀ jọba.

Ọ̀rọ̀ ìṣe fún ilé kíkọ́ náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Amọ̀ là ń mọ. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, búlọ́ọ̀kù ti gba ipò amọ̀, bíríkìlà sì ń to búlọ́ọ̀kù ni. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ́ ògiri, kí wọ́n tó kun ilé lọ́dà. Táìsì ilẹ̀, títẹ́ ni. Ti ara ògiri, lílẹ̀ ni. A tẹ́ ẹ sí pálọ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀.

Èyí tó lè kó èèyàn sí wàhálà jù ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Kọ́lékọ́lé ń kọ́ ilé. Kólékólé ń kó ilé lọ. Onílé ló ni ilé, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Baálé ló ń ṣe olórí ìdílé, baálẹ̀ ló ń ṣe olórí abúlé. Ní Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọmọ iléèwé. Ìjà àwọn ọmọ onílẹ̀ le débi pé ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2016 láti fìyà jẹ ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ wá wo ìwé kékeré tí ẹni tó rajà lọ́wọ́ ẹbí kọ, tó ní "Mo ra ile lowo won" láìfi àmì kankan sí i. Ṣé ilé ni àbí ilẹ̀? Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì òfìfo àti ẹni tó ra ilé tó ti wà lórí rẹ̀ kò ra ohun kan náà, iye tí wọ́n san ò sì lè dọ́gba.

Àwọn tó ń kọ ìkìlọ̀ sára ìgànná náà, ẹ gbọ́: ọ̀rọ̀ ìṣe "tà" máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. "A kò ta ilé yìí" ló tọ́. "A kò tà ilé yìí" kò tọ́. Bí ẹ bá ní "A kì í ta ilé yìí," ohun mìíràn lẹ sọ: ẹ ní kò sí ọjọ́ tí ẹ máa tà á láyé.

Ẹ̀yin ájẹ́ǹtì, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ máa yá ọ̀rọ̀ níbi tó bá ti yẹ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rajà, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan, ẹ fi àmì sórí ilé, ẹ fi àmì sórí ilẹ̀.