Ooru àti Ìtutù Inú Ilẹ̀: Èló Ni Yóò Ná Wa?

Ẹ̀yin ará Bantè àti Savalou, ẹ wo omi kànga. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ó tutù. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Omi náà kò yí padà, afẹ́fẹ́ òde ló yí padà. Oòrùn àti ọyẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an, ooru la ó bá. Ní Possotomé, lórílẹ̀-èdè wa níbí, omi gbígbóná ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ní Olkaria, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n ti ń fi ooru ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná láti ọdún 1981. Kò gba igi, kò gba epo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè oníná ni ibẹ̀, ooru kò jìnnà.

Tiwa yàtọ̀. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Kí a tó rí ooru tó lè yí ẹ̀rọ iná, a ó gbẹ́ ju mítà 3.000 lọ. Bí kànga yín bá jìn ní mítà 15, ọ̀nà 200 rẹ̀ nìyẹn!

Ìtutù ńkọ́? Àwọn kan ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ wọ ilé. Ó ń dín ooru kù díẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ń fẹ́ iná. Ògiri amọ̀ tó nípọn àti ibòji igi kò fẹ́ iná rárá.

Owó kajú àti owó gàrí tí ẹgbẹ́ yín dá jọ, òógùn ojú ni. Bí ẹnìkan bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá, ẹ bi í pé:

1. Èló ni a ó fi gbẹ́ ilẹ̀, èló ni a ó fi ra ẹ̀rọ?
2. Èló ni àtúnṣe rẹ̀ lọ́dún?
3. Èló ni owó igi tàbí epo tí a kò ní ná mọ́ lọ́dún?
4. Omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lè ní iyọ̀, ó lè rùn. Níbo ni yóò ṣàn sí?

Àpẹẹrẹ: ẹ̀rọ kan jẹ́ 300.000 fáráǹkì. Owó igi tí kò jáde mọ́ lọ́dún jẹ́ 40.000. Àtúnṣe jẹ́ 10.000. Ó ku 30.000. Ọdún 10 ni owó yín yóò fi padà wọlé.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí: bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọdún 7, èló ni ẹgbẹ́ pàdánù?